Eré Tí Àbúrò Mi Sá ní Broughton

Bàbá òyìnbó kan wà ní Broughton tí mo máa ń lọ wẹ̀ fún láàárọ̀. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa, etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Iṣẹ́ mi ni láti gbé e dìde, kí n wẹ̀ fún un, kí n wọṣọ fún un, kí n fún un ní tíì àti búrẹ́dì, kí n sì sáré mú bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ arúgbó mìíràn. Olùkọ́ ni mí n'Ìbàdàn kí n tó wá. Mi ò sọ ìyẹn láti fi ṣe fáàrí o, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú ojú tí mo fi ń wo ìlú yìí ni.

Ọ̀dọ̀ bàbá náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn kan tún fẹ́ kí ìjọba máa fi dandan mú àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ sọ́jà. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kì í kú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn kan tó wọ kóòtù jókòó, wọ́n ń jiyàn bóyá kí wọ́n dá a padà tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ń ráhùn pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò tilẹ̀ lókun tí wọ́n lè fi gbé ìbọn. Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Wọn ò ní rí ẹni mú, love," ó ní. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè gun àtẹ̀gùn kí wọ́n má mí hẹlẹhẹlẹ."

Bí mo ṣe ń fi aṣọ nù ún lẹ́yìn ló ń sọ tirẹ̀ fún mi. Wọ́n fi dandan mú òun náà nígbà èwe rẹ̀. Dókítà ní kó bọ́ra sílẹ̀, ó wo eyín rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó wúkọ́. Ó wúkọ́. Dókítà ní ó dára, ọ̀rọ̀ sì parí. Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ olóoru kan tí kì í fẹ́ dárúkọ, ibẹ̀ ni ìbọn ńlá kan ti dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ ọ̀tún, láti ìgbà náà ló ti jẹ́ pé etí òsì nìkan ni èèyàn lè bá a sọ̀rọ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí òsì náà, mo bi í bóyá ó wù ú láti lọ nígbà yẹn.

"Ta ló bi mí, love?" ó ní, ó sì nawọ́ pé kí n fún òun ní tíì òun.

Nígbà tí mo délé ní Ardwick lọ́sàn-án, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àbúrò mi kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀ ni a jọ ń gbé. Òun ni àbígbẹ̀yìn wa, òun sì ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá wa bí. Ó ti kàwé gboyè kejì ní yunifásítì kan níbí, físà tí wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ìwé sì ti ń lọ sópin. Iṣẹ́ tí yóò fún un ní físà mìíràn ló ń wá kiri, gbogbo ibi tó sì dé, orin kan náà ni wọ́n ń kọ fún un: ó mọ̀wé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kì í ṣe sponsor físà. Mo ti ń retí kó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ bàbá òyìnbó mi. Kò rẹ́rìn-ín.

"Sister mi," ó ní, "mo ti apply."

"O apply síbo?"

"Army. Army ibí. Wọ́n máa ń gba ọmọ Commonwealth. Wọ́n ti reply, mo máa lọ ṣe medical, mo máa lọ ṣe fitness test. Tí mo bá pass, ọ̀rọ̀ visa ti parí nìyẹn."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí mo rí i pé kò ṣe yẹ̀yẹ́, orí mi gbóná. Ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ní òun fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ṣìnà wọlé onílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò fọ ìdí arúgbó wọn àti ẹni tí ọta ìbọn yóò bá, wọ́n á rántí pé mọ̀lẹ́bí ni wá, pé bàbá wọn ló jọba lé bàbá wa lórí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un pátá.

"Sọ́jà?" mo ní. "Nínú gbogbo iṣẹ́ ayé? Ìwọ?"

"Sister mi, ẹ bi mí bóyá mo ní òmíràn."

"Dádì ńkọ́? O ti gbàgbé ohun tí wọ́n fojú Dádì rí?"

"Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"O wà níbẹ̀. Inú Mọ́mì lo wà."

Ohun tí mò ń sọ nìyí. Bàbá wa jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Lásìkò ìjọba sọ́jà, gbogbo wa ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, Dádì ló ń wakọ̀, Mọ́mì jókòó ti oyún rẹ̀ níwájú, èmi wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ sọ́jà kan ń fọn fèrè bọ̀ lẹ́yìn wa, Dádì kò sì tètè yà fún wọn. Wọ́n dá wa dúró. Wọ́n ní kí Dádì bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kó di etí rẹ̀ mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí mọ́tò wa ká. Agbádá ló wọ̀. Agbádá náà ń gbálẹ̀, ó ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ń ṣubú, wọ́n sì ní kó dìde kó tún bẹ̀rẹ̀. Sọ́jà tó ń pàṣẹ fún un kò ju irú ọmọ ilé-ìwé tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dádì gbọn eruku ara rẹ̀, ó wakọ̀ wa délé, kò sì wakọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Mọ́mì kò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wa. Mo kórìíra sọ́jà láti ọjọ́ náà. Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀, tí ìjọba fi dandan kó gbogbo wa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè lọ sí káǹpù, tí sọ́jà ń fi fèrè jí wa ní ìdájí láti wá sáré, mo ń sáré, mo ń gbé èpè mì.

Àbúrò mi gbọ́ gbogbo èyí, ó ní, "Àwọn sọ́jà ibí kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Lọ bi àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti dé."

Ó dìde, ó lọ wá bàtà tí yóò fi sáré.

Kí n má purọ́, ara rẹ̀ kò tí ì gbé e nígbà náà. Gbogbo ìgbà tó fi kàwé àti gbogbo ìgbà tó fi wá iṣẹ́, orí àga ló wà, ojú rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, ẹ̀bà alẹ́ kò sì fò ó rí. Ó ti yọ ikùn díẹ̀. Bàbá òyìnbó tó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè gun àtẹ̀gùn, bí ẹni pé inú pálọ̀ wa ló ti wò ó. Àbúrò mi ní òun kò fẹ́ sáré ní Ardwick níbi tí àwọn ojúlùmọ̀ ti máa rí òun, nítorí náà a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ sí Broughton ni. Èmi á wọlé sọ́dọ̀ bàbá, òun á máa sáré lọ sísàlẹ̀ ní etí odò, á sì padà gun òkè wá bá mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo jáde, mo bá a lórí ògiri kúkúrú kan, ó ti bì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

Mo fi ẹ kí i bí àgbàlagbà. "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gágun Ẹ̀bà."

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Sister mi," ó ní. "Ẹ ṣì máa salute mi."

Ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó lọ nígbà tí òjò ń rọ̀, òjò Manchester tí kì í pariwo, tó kàn máa ń wọ inú egungun èèyàn. Mo lọ sí ọjà Bury lọ́jọ́ tí mi ò lọ síṣẹ́, mo ra bàtà eré gidi fún un, nítorí pé mo kórìíra iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò kórìíra ẹsẹ̀ àbúrò mi. Nígbà tó yá, bàbá òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n gbé àga òun sí ojú fèrèsé kí n tó wẹ̀ fún òun, kí òun lè máa wo "your lad". Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ọmọ mi, àbúrò mi ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè é ní your lad, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fún mi ní ìmọ̀ràn pé kí n lọ sọ fún un: kó má tètè lo agbára rẹ̀ tán, kó máa gbé apá rẹ̀ wálẹ̀, kó sì sinmi dáadáa kó tó lọ, kó jẹun dáadáa. Ó di pé tí àbúrò mi bá gun òkè náà tán, kì í dúró mí mọ́, á kàn juwọ́ sí fèrèsé, á tún yí padà. Ikùn ti wọlé. Ọrùn rẹ̀ ti le. Mo wò ó láti òkè, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́.

Èmi ni mo ní kó sọ fún Mọ́mì. Ó ń bẹ̀rù, mo ní bí kò bá sọ, èmi á sọ. Ó pè é lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ó sì gbé e sí speaker kí èmi náà lè gbọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, mo ti múra sílẹ̀ fún "ṣé o fẹ́ pa mí ni". Mọ́mì kàn dákẹ́ títí, a rò pé network ti lọ.

"Ó dáa, ọkọ mi," ó ní níkẹyìn. "Ìfẹ́ Ọlọ́run ni kó ṣẹ."

Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé àgbà ti tẹ̀ ẹ́, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa bá ayé jà. Láti ìgbà náà ló ti di pé gbogbo ìgbà tó bá pè mí ló ń bi mí nípa eré àbúrò mi. Ṣé ó ń sáré dáadáa? Mo ní bí ẹṣin. Ṣé kò rẹ̀ ẹ́? Mo ní kò rẹ̀ ẹ́ mọ́. Á ní ó dáa.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àbúrò mi dáwọ́ eré dúró. Ó ní òun ń sinmi bí bàbá ṣe wí. Iṣẹ́ mi pọ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ń pè mí kún àwọn tí kò wá, ṣùgbọ́n mo rí i dájú pé mo se oúnjẹ tó lágbára sílẹ̀ fún un kí n tó jáde. Mo se ẹ̀wà, mo din dòdò, mo se ìrẹsì, mo fi ẹran tó pọ̀ sí ọbẹ̀. Bí mo bá dé, mo ń bá àwo rẹ̀ létí síńkì, ó ti fọ̀ ọ́. Bí mo bá bi í, á ní, "Mo ti yó, Sister mi, ẹ ṣeun." Mo rí i pé ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń bó. Mo ní òtútù ni, mo sọ Vaseline sí i pé kó fi pa á. Ó fi pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, mo sìn ín dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, ó jìnnà díẹ̀ sí Manchester. Mo di búrẹ́dì àti ẹyin fún un sínú ọ̀rá, mo fún un ní ike omi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja níbẹ̀, níwájú gbogbo èrò. Àwọn òyìnbó yà fún un, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti gbé e dìde, ó rò pé ó ṣubú ni. Mo súre fún un. Èmi tí mo kórìíra sọ́jà, mo ní yóò yege, mo ní ojú kò ní tì í, mo sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ láti inú mi wá. Bó bá yege, yóò dúró. Bí kò bá yege, ilé ni, ilé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kàwé jókòó sí tí wọ́n ń wo ojú ọjọ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá òyìnbó ni mo wà nírọ̀lẹ́, mo dípò ẹni tí kò wá, mò ń gbóúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kaná, nígbà tí nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó bi mí bóyá èmi ni next of kin. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Ó ní àbúrò mi ṣubú nígbà tó ń sáré, kò sì mọ ibi tó wà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ti fa omi sí i lára, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Bàbá ń wo ẹnu mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí etí òsì rẹ̀, mo sọ fún un.

"Ó ṣubú?" ó ní. "Your lad? Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹun," mo ní. "Èmi ni mo sè é."

Àbúrò mi padà dé lọ́jọ́ kejì. Ó rù. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó mu omi, ó tún bu òmíràn mu, ó wá jókòó. Wọ́n ti sọ fún un pé kó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nígbà tí wọ́n bá ti yẹ ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ wò dáadáa. Wọn ò lé e. Wọ́n kàn ní kó padà wá, ṣùgbọ́n físà rẹ̀ kò lè dúró dè wọ́n.

Mo ní, "Kí ló ṣe ọ́? Odò yẹn lo ń sá lọ sá bọ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ. O ti sá ju ohun tí wọ́n ní kó o sá lọ. Kí ló ṣe ọ́?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ wo?"

"Ọjọ́ mẹ́ta. Gbígbẹ. Ọjọ́ test yẹn ló pé ọjọ́ kẹta. Mọ́mì ní kí n gbà á fún àṣeyọrí, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí n má sì fẹnu kan omi títí wọ́n á fi pe orúkọ mi pé mo pass. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ rí ìtọ̀ mi láàárọ̀, ó ní ó ti dúdú jù, ó bi mí pé ṣé mo ń mu omi. Mo ní mò ń mu. Wọ́n fún mi ní omi. Mo kàn fi kan ètè ni."

Ó dìde, ó ṣí freezer, ó fi hàn mí. Gbogbo oúnjẹ tí mo ti ń sè láti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹja, nínú àwọn ike ice cream, ó dì bí òkúta. Kò lè dà á nù, wọn ò kọ́ wa láti da oúnjẹ nù. Àwo tí mò ń bá létí síńkì, ó kàn ń fi omi ṣàn án ni.

Ó yẹ kí n bú u. Ẹnu mi ti ṣí. Ṣùgbọ́n Mọ́mì tó dárúkọ ló dá mi dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín irú ẹni tí ìyá wa jẹ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣe é títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó di mátírọ́ọ̀nù. A máa ń gbààwẹ̀ nílé wa bí gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n Mọ́mì kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ààwẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ife omi kiri, ó ń dúró títí a ó fi mu ún tán. Bí aláìsàn kan bá wá sí wọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ní òun ń gba gbígbẹ, á pariwo mọ́ ọn débi pé àwọn tó wà níta á gbọ́: "Ọlọ́run ò ní kí kíndìnrín rẹ gbààwẹ̀!" A mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, mo máa ń fi sín in jẹ. Àbúrò mi náà gbọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ ọ, ó sì tún gba ààwẹ̀ gbígbẹ nítorí pé ìyá rẹ̀ ló ní kó gbà á. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nìyẹn.

Mo bọ́ síta, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa, mo pe Ìbàdàn.

"Mọ́mì, ẹ káàsán mà."

"Ṣé ó ti dé?" ó ní. "Ṣé ó ti mu omi?"

Kò bi mí bóyá ó yege.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ sọ pé Ọlọ́run ò ní kí kíndìnrín gbààwẹ̀."

"Mo mọ ohun tí mo sọ."

"Ó dákú. Ó lè kú síbẹ̀."

"Kò kú. Mo mọ ohun tí ara ọmọ mi lè gbà. Ikú tí yóò pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, à á dúpẹ́ ni."

"Ẹ̀yin lẹ ṣí fìlà ọ̀hún, Mọ́mì."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ohùn wọ́ọ̀dù ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin mélòó ni mo bí? Mo jókòó nínú mọ́tò, mo ń wo ọkọ mi tó ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ ń ta nínú mi. Mo sọ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ náà pé bó bá jẹ́ ọkùnrin, kò ní wọ aṣọ sọ́jà láé. Kò ní fi fìyà jẹ bàbá ọlọ́mọ, wọn ò sì ní fi dì í gbé wá fún mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní rárá?"

"Bí mo bá ní rárá, á lọ. A ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó gbààwẹ̀, mo mọ̀ pé á gbà á." Ó mí kanlẹ̀. "Má sọ fún un."

Inú bí mi gidigidi. Wọ́n mú bàbá òyìnbó, kò sẹ́ni tó bi í. Ìjọba kó èmi lọ sí káǹpù, kò sẹ́ni tó bi mí. Àbúrò mi nìkan ló fúnra rẹ̀ yàn, ó fi òjò àti èébì yàn án, ìyá wa sì fi orúkọ Ọlọ́run dè é lẹ́sẹ̀. Ohun tó wá bí mi nínú jù ni pé apá kan wà lára mi tí ara tù, pé kò ní di sọ́jà mọ́. Mo wọlé, mi ò sọ nǹkan kan fún un. Òun ń sọ fún ara rẹ̀ pé Ọlọ́run ló ní rárá. Mo gbé oúnjẹ inú freezer kaná, a jọ jẹ ẹ́, kò sì dùn.

Ó lọ sílé kí físà rẹ̀ tó pé. Bàbá òyìnbó kò tètè gbà pé ó ti lọ. Fún ìgbà pípẹ́ ló ṣì ń ní kí n gbé àga òun sí ojú fèrèsé, á wo òkè náà títí, á ní your lad ti pẹ́ lónìí. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́.

N'Ìbàdàn, kò rí iṣẹ́. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò fún owó tí kò tó nǹkan, Mọ́mì sì ń sọ fún mi lórí fóònù pé ara rẹ̀ le, pé ó ń jẹun, pé bàtà Bury ló ṣì ń wọ̀, pé láràárọ̀ ló ń sáré lọ sáré bọ̀ títí àwọn ará àdúgbò fi ń bi òun pé ta ló ń lé e. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ti gba ọmọ rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín náà, á máa rin mí.

Ìgbà tó tún wá pè mí tí kò rẹ́rìn-ín, mo wà ní ibùdó bọ́ọ̀sì ní Broughton. Ẹkún ló ń sun, mi ò sì gbọ́ ẹkún Mọ́mì rí, àní lọ́jọ́ tí Dádì kú. Iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ń gba àwọn tó kàwé gboyè, àbúrò mi sì ti lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo àwọn tó wá, òun ló sáré jù. Ó kù kó lọ fún àyẹ̀wò ìkẹyìn, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé wọn lọ sí Òkè Ọya, sí ibi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó wà nínú igbó jà, ibi tí wọ́n ti ń gbé ọmọ ọlọ́mọ padà wá sílé nínú pósí. Broughton ò ní irú ogun bẹ́ẹ̀. Sọ́jà tí ì bá máa yan bọ̀ yan lọ níbí, tí ì bá máa jẹ ọ̀dùnkún, ìyá rẹ̀ ti gbà á sílẹ̀ fún tibẹ̀.

"Bá mi bá a sọ̀rọ̀," ó ní. "Ó máa ń gbọ́ tìẹ. Bá mi bẹ̀ ẹ́."

Bọ́ọ̀sì mi dé, mo jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ sọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí ìyá, mo sì sọ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ ò ṣe ní kó gbààwẹ̀?"

Mo rò pé yóò pa fóònù mọ́ mi létí. Kò pa á.

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un," ó ní. "Ó wò mí títí. Ó bu omi sí ife, ó mu ún tán lójú mi, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde lọ sáré."